Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Àwọn Ibi Tí Àwọn Chartist Ti Ń Pàdé

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Camberwell lọ sí Oval ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kennington Park, ọgbà ìtura tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń gbé ní Peckham àti Walworth máa ń kó ọmọ lọ ṣeré sí nígbà tí oòrùn bá mú. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1848, kò tíì sí ọgbà kankan níbẹ̀. Pápá gbalasa tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ti kóra jọ láti sọ fún ìjọba pé àwọn náà fẹ́ máa dìbò. Chartist ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya máàpù àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní ìlú mìíràn ní Ìlú Ọba, ni mo kọ àlàyé yìí fún.

Orúkọ wọn jáde láti inú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1838, èyí tí a lè pè ní Ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Ará Ìlú. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1832 ti fi kún iye àwọn tó lè dìbò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún péré ló kàn, nítorí pé ẹni tí ilé tàbí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá tó iye kan ni òfin náà kà sí èèyàn. Ohun mẹ́fà ni àwọn Chartist béèrè fún: kí gbogbo ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 21 máa dìbò, kí ìdìbò máa wáyé ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má fi ohun ìní díwọ̀n ẹni tó fẹ́ di aṣòfin, kí wọ́n máa sanwó fún aṣòfin, kí iye olùdìbò ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan dọ́gba, kí wọ́n sì máa yan ilé aṣòfin tuntun lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ fífi owó díwọ̀n olùdìbò kò ṣàjèjì sí àwa náà, nítorí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Èkó ní 1923, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó £100 nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn Chartist kó ìwé ẹ̀bẹ̀ ńlá lọ síwájú ilé aṣòfin, ní 1839, 1842 àti 1848. Ìbuwọ́lùwé tó wà nínú ti 1842 lé ní 3,300,000, síbẹ̀ ilé aṣòfin kò gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó mú kí máàpù wúlò fún ìtàn wọn ni pé àwọn èèyàn yìí kò ní ibi kan pàtó tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Adájọ́ ìlú àti olówó ìlú ló ní àṣẹ lórí gbọ̀ngàn ńlá, wọn kì í sì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún irú wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo yàrá òkè ilé ọtí, ilé ìjọsìn kékeré, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ dáwó jọ kọ́, àti orí òkè gbalasa níbi tí ọlọ́pàá kò ti tètè lè dé. Ẹgbẹ́ gbogboogbò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti so ẹ̀ka gbogbo ìlú pọ̀, ilé ọtí Griffin ní òpópónà Great Ancoats ní Manchester ni wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1840. Bí ẹ bá to irú ibi bẹ́ẹ̀ sórí máàpù, ẹ óò rí àdúgbò tí tálákà ti rí ẹsẹ̀ fi lélẹ̀ àti àdúgbò tí wọn kò ti ráyè. Ṣùgbọ́n máàpù máa ń parọ́ ju ìwé lọ. Àmì pupa kékeré tí a fi sórí ilé kan kì í ṣiyèméjì, bẹ́ẹ̀ àwa tó fi í síbẹ̀ lè má dá ara wa lójú. Ìdí nìyí tí mo fi máa tẹnu mọ́ ọn jálẹ̀ pé kí àmì kọ̀ọ̀kan máa sọ bó ṣe dá wa lójú tó.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú ìlú kan àti ọdún méjì péré. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ya gbogbo Ìlú Ọba láti 1838 dé 1852 yóò sú kó tó kúrò ní Yorkshire. Lọ́ńdọ̀nù láti 1847 sí 1848, tàbí Manchester láti 1840 sí 1842, tó fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.

Orísun tó lọ́rọ̀ jù lọ ni ìwé ìròyìn àwọn Chartist fúnra wọn, Northern Star, tí Feargus O'Connor, ọ̀kan lára aṣáájú wọn, dá sílẹ̀ ní Leeds ní oṣù Kọkànlá ọdún 1837, tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1844, tó sì kógbá sílé ní 1852. Ọjọ́ Sátidé ló ń jáde. Ẹ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àkójọ tí wọ́n ń pè ní Nineteenth-Century Serials Edition. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wá nínú rẹ̀ kì í ṣe àròkọ olóòtú, bí kò ṣe àwọn ìkéde kéékèèké tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní: ìlú, orúkọ ilé, ọjọ́, aago, àti orúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ìkéde kan lè má ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n nínú ìlà mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tí máàpù nílò wà.

Ẹ má gbára lé àpótí ìwádìí nìkan. Kọ̀ǹpútà ló ka àwọn ojú ìwé náà sí ọ̀rọ̀, tàdáwà ìgbà náà sì ti ràn mọ́ra níbi púpọ̀, tó fi jẹ́ pé lẹ́tà «s» lè di «f», kí lẹ́tà «rn» sì di «m». Bí ẹ bá wá «tavern» tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ wá «tavem» náà, kí ẹ sì wá orúkọ òpópónà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ojú ìwé náà gan-an kí ẹ fi ojú ara yín kà á.

Orísun kejì ni àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Ìwé tí àwọn adájọ́ ìlú ń kọ sí ìjọba wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, lábẹ́ àmì HO 40 àti HO 45. Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ilé ẹjọ́ Old Bailey sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ óò ti pàdé William Cuffay, télọ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Chatham ní 1788, tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ní erékùṣù St Kitts. Ó wà lára àwọn aṣáájú Chartist Lọ́ńdọ̀nù ní 1848, wọ́n sì gbé e lọ sí Tasmania lẹ́yìn ìdájọ́, níbi tó kú sí ní 1870. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1848, ọlọ́pàá ya wọ ilé ọtí méjì, Orange Tree ní òpópónà Orange ní Bloomsbury, àti Angel ní òpópónà Webber ní Southwark. Àwọn ìpàdé ìkọ̀kọ̀ irú èyí kì í jáde nínú ìkéde ìwé ìròyìn, ẹnu ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́ la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ rántí pé amí ọlọ́pàá tó gba owó wà lára àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyẹn. Adirẹ́sì tí amí bá sọ sábà máa ń tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ pé ẹnì kan sọ níbẹ̀ ni kí ẹ fi sùúrù gbọ́.

Tábìlì ṣáájú máàpù

Ẹ ṣí Google Sheets tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Bí ilé kan bá gba ìpàdé lọ́sẹ̀ mẹ́wàá, ìlà mẹ́wàá ni, kì í ṣe ìlà kan. Àwọn òpó tí èmi ń lò ni ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, ọjọ́ tí ìpàdé wáyé, orúkọ ibi náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ láìtún un ṣe, irú ibi tó jẹ́, òpópónà, ìlú, àwọn tó pàdé, ibi tí mo ti kà á, àti òpó kan tó ń sọ bóyá ìkéde ni tàbí ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ìkéde ń sọ pé wọ́n fẹ́ pàdé. Kò sọ pé wọ́n pàdé. Onílé ọtí lè yí ọkàn padà nítorí pé adájọ́ ìlú halẹ̀ pé òun yóò gba ìwé àṣẹ ọtí rẹ̀, òjò lè rọ̀, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ti wà lẹ́wọ̀n. Ìgbà tí ẹ bá rí ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ tó kọ ọ́ pé ó wáyé.

Òpó àwọn tó pàdé tún ní ìdí tirẹ̀. Ọkùnrin nìkan ni Ìwé Ẹ̀tọ́ náà béèrè ìbò fún, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ Chartist tiwọn sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀, Birmingham sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ya ìpàdé wọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kò ní lè rí wọn mọ́ nígbà tí àmì bá ti pọ̀ lórí máàpù.

Ní ti ọjọ́, «Monday next» tó wà nínú ìwé Sátidé ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1848 túmọ̀ sí ọjọ́ 10, ẹ̀yin náà ni kí ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí 1848-04-10, kí ẹ sì sọ òpó náà di ọ̀rọ̀ lásán, nítorí pé Excel kò mọ ọjọ́ kankan tó ṣáájú ọdún 1900, ìgbà mìíràn á gbà á bí ọ̀rọ̀, ìgbà mìíràn á sì dà á rú nígbà tí ẹ bá ń tò ó.

Láti orúkọ dé orí ilẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn jù. Ẹ jẹ́ kí n mú gbọ̀ngàn kan tó ṣe pàtàkì ní 1848. Àwọn aṣojú tó wá láti ìlú gbogbo jókòó ní gbọ̀ngàn òpópónà John ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbéra lọ sí Kennington ní òwúrọ̀ ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá tẹ «John Street, London» sínú Google Maps lónìí, yóò gbé yín lọ sí òpópónà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bedford Row ní Holborn. Ó ní orúkọ náà lóòótọ́, ilé àtijọ́ sì wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá fura á fi àmì rẹ̀ síbẹ̀, á sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n òpópónà John pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Bí ẹ bá padà sí ìwé ìròyìn, ẹ óò rí i pé wọ́n sábà ń fi Tottenham Court Road tàbí Fitzroy Square kún un. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fitzroy Square, Whitfield Street ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Àmì yín ti rìn kúrò ní Holborn lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn pátápátá, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó tún un ṣe ju ọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn orúkọ òpópónà náà.

Bí ẹ óò ṣe máa ṣe é nìyẹn fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ilé náà, nítorí ohun tí ìkéde kan kò sọ, òmíràn lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ń to orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníṣòwò ìlú lọ́dọọdún, irú èyí tí Pigot tẹ̀, tí Yunifásítì Leicester kó púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ọtí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òpópónà. Red Lion tàbí King's Head lè wà mẹ́wàá nínú ìlú kan, nítorí náà orúkọ ilé ọtí láìsí òpópónà kò tó nǹkan. Ilé ọtí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lónìí kì í ṣe ẹ̀rí pẹ̀lú, torí pé orúkọ máa ń ṣí láti ilé kan lọ sí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni máàpù àtijọ́. Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Scotland ti gbé máàpù Ordnance Survey, àjọ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales náà wà níbẹ̀, ẹ sì lè tẹ́ ẹ lé àwòrán òde òní kí ẹ máa fà á wá fà á lọ. Oríire ni fún ẹni tó ń ṣe Lancashire tàbí Yorkshire, torí pé wọ́n wọn ilẹ̀ wọn ní àwọn ọdún 1840 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1850, ìgbà àwọn Chartist gan-an. Fún Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo máàpù Greenwood tó jáde ní 1827. Ẹ óò rí i pé òpópónà Skinner, tí wọ́n máa ń fi júwe gbọ̀ngàn Chartist tó wà ní Turnagain Lane, ti pòórá nígbà tí wọ́n kọ́ afárá Holborn ní àwọn ọdún 1860. Turnagain Lane fúnra rẹ̀ ṣì wà.

Pápá kì í ṣe ojú kan

Ilé ọtí gba àmì ẹyọ kan. Kersal Moor lẹ́bàá Manchester, tí èrò kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1838, kò lè gbà á. Pápá ìdíje ẹṣin ni, ó sì gbòòrò. Irú ibi bẹ́ẹ̀, ààlà ni kí ẹ fà yí i ká nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn ayàmáàpù ń lò.

Kennington náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi àmì sí àárín ọgbà òde òní ti ṣìnà, nítorí ní 1854 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà, wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí apá ìlà oòrùn ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ní orí ilẹ̀ tó jẹ́ ilé àti òpópónà tẹ́lẹ̀. Máàpù àtijọ́ ni kí ẹ fi fa ààlà. Ẹ lo ṣọ́ọ̀ṣì St Mark, tí wọ́n parí ní 1824, àti pápá Oval, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, láti fi so máàpù àtijọ́ pọ̀ mọ́ ti òde òní, torí pé àwọn méjèèjì kò kúrò níbi tí wọ́n wà. William Kilburn ya àwòrán èrò náà lọ́jọ́ ọ̀hún, ṣìmínì gíga ilé iṣẹ́ kan sì hàn lẹ́yìn wọn, èyí tó lè jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó dúró sí. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ mọ̀ pé irú fọ́tò orí irin ìgbà náà sábà máa ń yí ọ̀tún sí òsì bíi ti inú dígí.

Ibi mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà tó yẹ kó gba àmì tirẹ̀, ìyẹn ilé ọtí Horns, níbi tí ọ̀gá ọlọ́pàá, Richard Mayne, ti sọ fún O'Connor pé wọ́n lè ṣe ìpàdé wọn ṣùgbọ́n èrò kò gbọdọ̀ sọdá afárá lọ sí ilé aṣòfin. Takisí ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi kó ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ. Ní ti iye èrò, ìjọba ní 15,000, O'Connor ní iye náà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ kọ iye méjèèjì sínú tábìlì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ má sì fi ìkankan nínú wọn pinnu bí àmì yóò ṣe tóbi tó.

Nọ́ńbà àti àwọ̀

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ibì kan, ẹ kọ nọ́ńbà ìlà ìbú àti ìlà òró rẹ̀ sí òpó méjì. Kennington wà ní nǹkan bí 51.484 àti -0.108. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú nọ́ńbà kejì yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé ibẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Greenwich. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo gbàgbé rẹ̀, àwọn Chartist mi sì lọ ṣèpàdé lọ́nà Abbey Wood. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbé O'Connor débẹ̀. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé mo ti fi máàpù náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí n tó rí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kó tábìlì sórí máàpù, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé kí n wá àmì tó bá dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìpele ìdánilójú mẹ́rin tó. A: ilé náà gan-an la mọ̀, lórí máàpù ìgbà náà. B: òpópónà la mọ̀, a kò mọ ojúlé. D: àdúgbò nìkan. E: ìlú nìkan. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ ni kí ẹ fún A, èyí tó ṣá ni kí ẹ fún E, kí ẹni tó bá kàn wò ó fìrí pàápàá lè mọ̀ pé wọn kò dọ́gba. Ẹ má ṣe kó àwọn E sí àárín gbùngbùn ìlú bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe, torí bí ìpàdé ogójì bá wà lójú kan ṣoṣo níwájú gbọ̀ngàn ìlú, ẹni tó ń wò ó yóò rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dé. Èmi máa ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ máàpù bí àkójọ lásán. Ẹ fún ibi ìjà ní irú àmì tirẹ̀ lọ́tọ̀: Westgate Hotel ní Newport, níbi tí sọ́jà ti yìnbọn pa àwọn Chartist ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1839, kì í ṣe ibi ìpàdé.

Bí ẹ bá rí àlàfo, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sọ pé èèyàn kò pàdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1838, ìjọba kéde pé ìpàdé alẹ́ oníná ògùṣọ̀ kò bófin mu, nítorí náà bí ìpàdé orí òkè lóru bá dín kù lórí máàpù yín láti ìgbà náà, òfin ló lè fà á.

Ẹ fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀

Bí ẹ bá ń gbé nítòsí, ẹ lọ. Ẹ tẹ máàpù náà sórí bébà, torí pé fóònù máa ń kú ní ìgbà tí a bá nílò rẹ̀ jù, kí ẹ mú bírò dání, kí ẹ sì dé àwọn A àti B nìkan. Ohun tí ẹ ń wá ni bí ilẹ̀ ṣe ga tàbí rẹlẹ̀, ojú ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí afárá tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ìgbà náà. Ní Kennington, ilé bíríkì kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà yóò fa ojú yín mọ́ra. Ilé àwòṣe fún òṣìṣẹ́ ni, tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ ńlá ti 1851, wọ́n sì kó o wá síbẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ má fi í ṣe àmì. Ẹ yípadà kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ wá ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Mark, kí ẹ dúró níbi tí ẹ ti lè rí i dáadáa, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ibi tí ẹ dúró sí lórí bébà yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e sínú tábìlì, kí ẹ yí B tó bá ti di A padà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ dé ibẹ̀ sí òpó tó kẹ́yìn.